Ohun tí Dobrila Wọ̀n lábẹ́ Òkè Olovnica

Ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ kan ní ìparí oṣù keje ọdún 1984, Vukoman, fọ́máànù ojú iṣẹ́ Karùn-ún nínú ihò ìwakùsà, ti ibi iṣẹ́ dé, ó yọ òkúta kan nínú àpò ṣòkòtò rẹ̀, ó sì gbé e lé orí kọ́bọ́ọ̀dù ìyá rẹ̀. Kò sí ohun tuntun nínú ìyẹn. Kò sí ilé awakùsà kan ní abúlé wa tí òkúta dídán kò kún ojú fèrèsé rẹ̀. Àwọn ọkùnrin wa kì í ra òdòdó fún obìnrin. Òkúta ni wọ́n ń kó wálé, àwọn obìnrin á sì máa nu eruku orí rẹ̀ títí wọn ó fi kú. Èyí tí Vukoman mú wá yìí pọ́n bí idẹ tí wọn ò tíì fọ̀.

"Ẹ wò ó, Màmá. Ó rẹwà, àbí? Ògiri ọwọ́ òsì wa ló ti wá. Irú ẹ̀ ló kún ibẹ̀ báyìí."

Dobrila ìyá rẹ̀ ń bu ẹ̀wà sáwo lọ́wọ́. Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta ni. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi ya máàpù fún ilé iṣẹ́ ìwakùsà Olovnica kó tó fẹ̀yìn tì, kò sì sí ẹ̀dá kan tó mọ inú òkè náà lórí ìwé tó o. Lókè kọ́bọ́ọ̀dù rẹ̀ ló so kọ́ńpáàsì àtijọ́ kan rọ̀ sí, irú èyí tí wọ́n ń gbé kọ́ sára okùn nínú ihò láyé ìgbà kan. Bó ṣe gbójú sókè láti yin òkúta ọmọ rẹ̀, ó rí i pé abẹ́rẹ́ kọ́ńpáàsì náà ti yí. Láti ọjọ́ tó ti wà lára ògiri yẹn, ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná ló ń nà sí. Nísinsìnyí, fèrèsé ló ń nà sí.

Ó gbé òkúta náà kúrò. Abẹ́rẹ́ padà sí ibùjókòó rẹ̀. Ó tún un gbé síbẹ̀. Abẹ́rẹ́ tún yí.

"Màmá, oúnjẹ ń tutù o."

"Jẹ tìẹ. Ògiri ọwọ́ òsì lo wí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni. Kí ló dé tẹ́ ẹ fi ń wò ó bí ẹni rí ejò?"

Dobrila yí òkúta náà lọ́wọ́, ó ń wò ó. Ó ti rí irú òkúta yìí rí lójú rẹ̀ méjèèjì, ní ibi tí kò yẹ kí ojú obìnrin ti rí i.

Gbogbo ìjọba tó kọjá lórí ilẹ̀ Serbia ló ti ki ọwọ́ bọ inú Olovnica. Àwọn ará Róòmù kó fàdákà. Lẹ́yìn wọn, àwọn ọba wa ránṣẹ́ pe àwọn Sáàsì, Jámánì tó mọ iṣẹ́ ihò bí ẹní mowó. Àwọn yẹn gbẹ́ ẹ títí, wọ́n fi òjé rẹ̀ bo òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n fi fàdákà rẹ̀ rọ owó. Tọ́kì dé, ó kó ìyókù. Igbó wá bo gbogbo rẹ̀ títí ogun Hitler fi parí tí ìjọba tuntun tún ṣí i. Kò sí ọ̀kan nínú àwọn olóore wọ̀nyí tó fi máàpù sílẹ̀ fún ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Ihò ni wọ́n fi sílẹ̀. Ṣóńṣó mẹ́ta ni òkè náà ní. Òjò tó bá rọ̀ sí èyí tó wà lápá ìlú Kragujevac ní odò tirẹ̀, èyí tó rọ̀ sí ti apá ìlú Milanovac náà ní odò tirẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tó bá rọ̀ sí ṣóńṣó àárín, ojú kì í rí i mọ́. A máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé àwọn Sáàsì ń mu ún. Inú àwọn ihò wọn ló ń lọ, ibẹ̀ ló sì ń kóra jọ sí, kò gbàgbé ẹnikẹ́ni.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 1956, àwọn awakùsà ń gbẹ́ lọ nígbà tí ògiri kan wó níwájú wọn, tí wọ́n sì já sí ọ̀nà àwọn Sáàsì kan, tóóró, gbígbẹ, bí ẹni pé àná ni wọ́n jáde níbẹ̀. Òfin ni pé kí wọ́n wọ̀n ọ́n, kí wọ́n yà á sórí máàpù, kí wọ́n sì dí ẹnu rẹ̀ pa. Iṣẹ́ Miladin nìyẹn, awọnlẹ̀ àgbà. Ṣùgbọ́n ọjọ́ náà bọ́ sí ọjọ́ kejì àjọ̀dún Nikola Mímọ́, ẹni tó ń ṣọ́ ìdílé Miladin, ẹni tó bá sì mọ bí a ṣe ń ṣe àjọ̀dún ilé níbí mọ̀ pé ọjọ́ kejì a máa le ju ọjọ́ kìíní lọ. Rakija, ọtí líle wa, ti da Miladin dùbúlẹ̀ gbalaja lórí bẹ́ǹṣì ọ́fíìsì. Ọ̀gá pátápátá sì ń bọ̀ lọ́sàn-án. Bó bá bá a bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn.

Dobrila wọ bàtà Miladin, ó wọ ẹ̀wù òjò rẹ̀, ó fa akoto bojú, ó gbé kọ́ńpáàsì, ó sì wọ inú ihò nígbà tí àwọn ọkùnrin jókòó ti oúnjẹ. Èèwọ̀ ni nígbà náà, èèwọ̀ náà ni títí dòní: àwọn awakùsà wa gbà pé bí obìnrin bá wọ inú òkè, òkè á bínú. Òun nìkan ló wọ̀n ọ́n, ọgọ́ta mítà gbáko, ó ń fi ìṣó kan okùn mọ́ ògiri, ẹ̀rù ń bà á débi pé ó ń ka iye sókè kó lè gbọ́ ohùn ènìyàn. Ògiri ibẹ̀ pọ́n bí idẹ. Ó tiẹ̀ fọwọ́ pa á, ó ní nǹkan yìí mà dára o. Ó jáde, ó ya máàpù, ó kọ orúkọ Miladin sí i. Wọ́n dí ẹnu ọ̀nà Sáàsì náà, omi kún un, ayé ń lọ.

Miladin kò gbàgbé oore. Òun ló dúró gẹ́gẹ́ bí bàbá ìsàmì nígbà tí wọ́n yọ́ gbé Vukoman lọ sọ́dọ̀ àlùfáà, nígbà tí ẹgbẹ́ òṣèlú Kọ́múníìsì tó ń ṣèjọba ò fẹ́ gbọ́ irú ẹ̀ sétí. Láti ọjọ́ náà lòun àti Krunija ìyàwó rẹ̀ ti di kum àti kuma, ìbátan ìsàmì, fún Dobrila. Lọ́dọ̀ tiwa, kum ju ìbátan lọ. Èèyàn lè bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jà ní kọ́ọ̀tù kó sì sùn dáadáa; ẹni tó bá ṣẹ kum rẹ̀, àwọn èèyàn á máa rọra yẹra fún ilé rẹ̀. Miladin ti kú lọ́dún mẹ́fà sẹ́yìn. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi pe ọ̀nà tó tóbi jù nínú òkè, àwòrán rẹ̀ sì wà ní gbọ̀ngàn ilé iṣẹ́.

Dobrila ti àwo ẹ̀wà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó gbé ìwé àti rúlà. Máàpù sọ pé mítà mẹ́rìndínlógójì ló wà láàárín ojú iṣẹ́ Vukoman àti ọ̀nà Sáàsì tí omi kún. Bí òkúta bá ti fa abẹ́rẹ́ lọ́jọ́ náà bó ṣe ń fà á lórí kọ́bọ́ọ̀dù yìí, ọ̀nà náà kò sí níbi tó yà á sí. Ó ṣírò rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Ìgbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ìdáhùn rẹ̀ kò pé mítà mẹ́wàá. Vukoman àti àwọn mẹ́jọ tó wà lábẹ́ rẹ̀ ń gbẹ́ mítà méjì síwájú lójúmọ́, síhà omi náà.

"Vukoman," ó wí, "ẹ gbọ́dọ̀ dúró."

"Nítorí òkúta orí kọ́bọ́ọ̀dù? Màmá, ẹ fi mí lọ́rùn sílẹ̀. Máàpù kum wa ni. Miladin kì í ṣi nǹkan wọ̀n."

"Mo mọ̀," ni Dobrila wí. Ohun tó ń dẹ́rù bà á gan-an nìyẹn.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ó wà lọ́dọ̀ Ẹnjiníà Stanimir, ọ̀dọ́mọkùnrin tó kàwé ní Belgrade, tó mọ ọmọlúwàbí ṣe, tí kò sì lè jókòó jẹ́ẹ́ nítorí Ọjọ́ Àwọn Awakùsà. Ọjọ́ kẹfà oṣù kẹjọ ni. Àwọn èèyàn ńlá ń bọ̀ láti àgbègbè, ó sì ti ṣèlérí fún wọn pé ojú iṣẹ́ Karùn-ún á ti kan òjé tuntun kí ọjọ́ náà tó pé.

Ó fetí sílẹ̀ dáadáa. Ó tiẹ̀ ní kí wọ́n gbé kọfí wá fún un.

"Mà, mo gbọ́ yín. Òótọ́ ni, òkúta yẹn ní òòfà díẹ̀ nínú. Ṣùgbọ́n ẹ tún un rò. Miladin ò mọ̀ bẹ́ẹ̀ ni? Ẹni tó ti fi ogún ọdún wọnlẹ̀! Gbàrà tó bá rí ògiri yẹn ló máa gbé kọ́ńpáàsì jù sílẹ̀, á fi ọ̀nà mìíràn wọ̀n ọ́n. Awọnlẹ̀ tí ò bá mọ ìyẹn, kì í ṣe awọnlẹ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni," ni Dobrila wí.

"Ṣé ẹ rí i? Àfi tó bá jẹ́ pé ẹni tí ò mọ iṣẹ́ ló wọ̀n ọ́n." Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ lọ sinmi, Mà. Owó ìfẹ̀yìntì la fún yín kẹ́ ẹ máa jẹ, kì í ṣe kẹ́ ẹ tún máa bá wa ṣiṣẹ́."

Dobrila mu kọfí náà tán. Kò bínú sí ọmọ náà. Ó ti fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tí yóò mú un gbà, kò kàn mọ̀ pé òun ti sọ ọ́. Ṣùgbọ́n kí Dobrila tó lè la ẹnu sọ ọ́ níwájú ẹnikẹ́ni, ilé kan wà tó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yà.

Krunija jókòó sábẹ́ igi nínú àgbàlá, ó ń fi píìnì irun yọ kóró ṣẹ́rì kíkan tí yóò fi se jáàmù. Ọwọ́ rẹ̀ pọ́n dé ọrùn ọwọ́. Ó ti àga kan sí Dobrila láì dìde.

"Kuma, jókòó. Mú píìnì kan, má wá wò mí lójú lásán."

Dobrila mú píìnì. Ó yọ bí ogún kóró kó tó lè sọ ọ́, ó sì sọ ọ́ tán láì sinmi: ọjọ́ kejì àjọ̀dún, bẹ́ǹṣì, bàtà, ẹ̀wù òjò, ògiri pupa. Krunija kò dá ọwọ́ iṣẹ́ dúró. Nígbà tó yá ó ní:

"O wọ bàtà ọkọ mi."

"Mo wọ̀ ọ́."

"Ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n. O ń bọ̀ nílé mi ní gbogbo àjọ̀dún, ò ń jẹ, ò ń mu, o ò sọ."

"Òun náà ò sọ, kuma. Àwa méjèèjì la jọ dákẹ́."

"Òun ti kú! Òkú ò lè gbèjà ara ẹ̀. Ṣé o fẹ́ dúró níwájú gbogbo ayé kí o ní ọ̀mùtí ni Miladin?"

"Mo fẹ́ kí wọ́n lu ihò wò kí wọ́n tó tún fi ẹ̀tù fọ́ òkúta. Ohun tí mo fẹ́ ò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Vukoman wà níbẹ̀, Krunija. Àwọn ọmọ ọlọ́mọ mẹ́jọ wà níbẹ̀."

"Sọ pé o lá àlá. Sọ pé orí rẹ ti ń dàrú, wọ́n á gbà, o ti dàgbà. Irọ́ wo lo ò lè pa, ìwọ tó o ti mọ̀ ọ́n pa látọjọ́ yìí wá? Má ṣáà dárúkọ ẹ̀."

"Mo ti gbìyànjú láàárọ̀ yìí láì dárúkọ ẹ̀. Wọ́n fún mi ní kọfí."

Krunija wo ọwọ́ pupa rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó tún mú ṣẹ́rì mìíràn.  Dobrila dúró títí abọ́ fi kún, bóyá yóò sọ ọ̀rọ̀ kan, kódà kó jẹ́ èébú. Kò sọ ọ́. Dobrila dìde, ó nu ọwọ́ rẹ̀ sára koríko, ó sì gba ọ̀nà gbọ̀ngàn lọ.

Nígbà náà, ìgbìmọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ ló ń pinnu ohun gbogbo ní ilé iṣẹ́, tàbí kí a sọ pé bẹ́ẹ̀ la kọ ọ́ sára ògiri. Àwọn mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni wọ́n, wọ́n sì ń ṣèpàdé lọ́jọ́ Ẹtì lẹ́yìn iṣẹ́ òwúrọ̀. Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ lọ́jọ́ náà ni ọ̀dọ́ àgùntàn mélòó ni wọn yóò sun fún Ọjọ́ Àwọn Awakùsà. Dobrila jókòó lẹ́yìn títí wọ́n fi fẹnu kò sí mẹ́rìnlá, lẹ́yìn náà ó dìde.

"Kọ́mírédì, mo ní ọ̀rọ̀. Kò gùn."

Ó sọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́ fún Krunija, ó di ẹ̀yìn àga mú. Àwòrán Miladin wà lókè orí alága. Ó wò ó nígbà tó kan ọ̀rọ̀ rakija, ojú sì tì í. Vukoman jókòó ní ìlà kejì. Dobrila rí i pé ẹ̀yìn ọrùn ọmọ rẹ̀ pọ́n, pé kò yíjú wẹ̀yìn.

 Gbogbo ẹnu la lẹ́ẹ̀kan náà.

"Obìnrin ti wọ inú òkè!"

"Lójú iṣẹ́! Pẹ̀lú bàtà Miladin!"

"Irọ́ ni. Ta ló ń ba olóògbé lórúkọ jẹ́ báyìí?"

Gvozden, àgbà awakùsà tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, dìde, ó lu ọ̀pá rẹ̀ mọ́lẹ̀. "Mo ti wá mọ̀ ọ́n wàyí! Ìdí nìyẹn tí ẹsẹ̀ mi fi ṣẹ́ lọ́dún 1957! Òkè ló bínú!"

"Òkè wo?" ni Dobrila wí. "Gvozden, ojú fèrèsé Stojanka lo ti já bọ́ lọ́jọ́ tí ọkọ ẹ̀ tètè délé. Gbogbo abúlé ló mọ̀. Má fi tìẹ kún tèmi, tèmi nìkan tó mi í gbé."

Ẹ̀rín bú jáde, Gvozden náà sì rẹ́rìn-ín, ó jókòó. Ṣùgbọ́n Ẹnjiníà Stanimir kò rẹ́rìn-ín. Ó ti ń wo Dobrila láti ìgbà tó ti dárúkọ ògiri pupa, ojú rẹ̀ sì ti funfun.

"Mà," ó wí jẹ́jẹ́, "ẹ̀yin lẹ gbé kọ́ńpáàsì kọ́ síbẹ̀? Ẹ ò sì wò ó lẹ́ẹ̀mejì?"

"Mi ò mọ̀ pé wọ́n ń wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Máàpù ni mo kọ́ láti máa yà, mi ò kọ́ láti wọn nǹkan. Àṣìṣe tí Miladin ò lè ṣe nìyẹn. Èmi ni mo ṣe é."

Wọ́n jiyàn títí òógùn fi bo alága. Àwọn kan ní bí wọ́n bá pàdánù ọjọ́ kan, wọn ò ní kan òjé kí àlejò tó dé. Níkẹyìn wọ́n dìbò: kí wọ́n má fi ẹ̀tù fọ́ nǹkan kan lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, kí wọ́n lu ihò tóóró gígùn síwájú wò, bí kò bá sí omi, kí iṣẹ́ máa lọ lọ́jọ́ Ajé, kí ẹnikẹ́ni má sì gbọ́ ohùn Dobrila mọ́ lórí ọ̀rọ̀ náà. Àwọn mẹ́tàlá nawọ́ sókè pé rárá. Àwọn mẹ́rìnlá ní bẹ́ẹ̀ ni, Gvozden ló sì nawọ́ kẹ́yìn nínú wọn.

Vukoman bá ìyá rẹ̀ rìn délé láì sọ̀rọ̀. Ní ẹnu ọ̀nà ló tó sọ pé:

"Èmi ni wọ́n á máa pè ní ọmọ obìnrin tó wọ ihò."

"Kí wọ́n máa pè ọ́ bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá ń pè ọ́, tó ò ń dáhùn, o wà láàyè nìyẹn."

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, aago méje òwúrọ̀, Dobrila ti wà lórí bẹ́ǹṣì lẹ́nu ihò. Ó gbé kọ́ńpáàsì sórí itan, a ò mọ ohun tó fẹ́ fi ṣe. Ó ti sọ fún Vukoman ibi tí yóò lù: apá òsì, nítorí pé apá òsì ni òkúta pupa wà, ibẹ̀ ló sì ti fa abẹ́rẹ́. Ó sì ti mú un búra pé kó gbẹ́ èèkàn igi tí yóò fi dí ihò kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í lù ú.

Ní aago mẹ́sàn-án ìròyìn dé: mítà mẹ́fà, ó gbẹ. Ní aago mọ́kànlá: wọ́n ti so irin kún irin, wọ́n ti dé mítà mẹ́sàn-án ní apá òsì kan náà, ó gbẹ bí ẹnu ààwẹ̀. Àwọn tó kọjá lẹ́nu ihò ń wò ó, wọ́n ń mi orí. Ọ̀kan bi í bóyá kí wọ́n tún bá a wá ẹ̀wù òjò Miladin. Ní aago méjìlá Vukoman fúnra rẹ̀ jáde, eruku bo ojú rẹ̀. Ó jókòó tì í. Ó dà bí ẹni tó fẹ́ sọkún, ó tún dà bí ẹni tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀.

"Màmá, ó gbẹ. Ẹ jẹ́ ká lọ sílé. Àwọn ọmọ ti ń palẹ̀ ẹ̀rọ mọ́."

Dobrila mọ bí yóò ṣe rí tó bá lọ sílé. Yóò ti ba orúkọ kum rẹ̀ jẹ́ lásán. Yóò jókòó lọ́jọ́ Ajé, yóò máa retí ìró. Ó dìde.

"Mú mi lọ síbẹ̀."

"Màmá, ẹ mọ̀ pé obìnrin…"

"Mo ti lọ rí. Òkè tí ò pa mí nígbà yẹn, ṣé ìgbà tí mo darúgbó ló máa wá pa mí? Wá akoto fún mi."

Ẹnjiníà Stanimir wà nítòsí. Ó wo Dobrila, ó wo kọ́ńpáàsì ọwọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó yíjú sí ojú ọ̀run bí ẹni tó ń wò ó bóyá òjò máa rọ̀, ó sì ń wo ojú ọ̀run náà títí wọ́n fi wọlé.

Wọ́n rìn fún ogún ìṣẹ́jú. Òtútù ibẹ̀ wọ Dobrila léegun, omi ń kán sí akoto rẹ̀, orúnkún ń dùn ún, ṣùgbọ́n ẹ̀rù kò bà á mọ́ bíi ti ọjọ́sí. Ní ojú iṣẹ́, àwọn mẹ́jọ náà rí i, wọ́n tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹnì kan ṣe àmì àgbélébùú. Kò wò wọ́n. Ó ní kí wọ́n gbé gbogbo irin jìnnà, ó ní kí Vukoman na okùn láti ògiri dé ògiri, ó sì gbé kọ́ńpáàsì kọ́ ọ.

Abẹ́rẹ́ gbọ̀n, ó yí. Dobrila gbé e sún mọ́ ògiri òsì díẹ̀ sí i. Abẹ́rẹ́ tún yí sí i, ṣùgbọ́n kì í ṣe síbi tó rò. Kò nà sí ògiri pupa náà. Ńṣe ló ń sá fún un.

Ó dúró, ó ń wò ó. Òkúta tí Vukoman mú wálé, ẹ̀gbẹ́ tó wù ú ló fi dúró lórí kọ́bọ́ọ̀dù. Ká ní ó dojú kọ òdìkejì ni, á ti lé abẹ́rẹ́ dípò kó fà á. Bí ògiri bá sì ń lé abẹ́rẹ́, ọ̀tún ni ọ̀nà Sáàsì náà wà, kì í ṣe òsì. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti ṣì í: lọ́dún 1956, àti níjẹta pẹ̀lú rúlà lọ́wọ́. Inú bí i sí ara rẹ̀ débi pé ó rẹ́rìn-ín.

"Vukoman. Ọ̀tún."

"Ẹ ní òsì."

"Mo ní òsì, mo ṣì í. Ọ̀tún ni. Lù ú níbí, kí irin kọjú sókè díẹ̀."

Ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin náà sọ pé aago kan ti fẹ́ lù, pé ìdìbò sọ pé kí wọ́n lu ihò, wọ́n sì ti lù ú. "Ṣé títí òkè á fi di ajere la ó máa lù ú?"

Vukoman wo ìyá rẹ̀. Ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta tí kò wò ó bẹ́ẹ̀. Ohun tó rí lójú rẹ̀, òun nìkan ló mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n ó yíjú sí àwọn èèyàn rẹ̀.

"Ẹ gbé ẹ̀rọ padà. Ẹni tó bá fẹ́ lọ jẹun, kó máa lọ. Èmi á lù ú."

Kò sí ẹni tó lọ. Ariwo ẹ̀rọ gba gbogbo ibẹ̀. Mítà kan. Mítà méjì, òkúta le koko. Mítà mẹ́ta. Dobrila fi ẹ̀yìn ti ògiri, ó ń ka iye sókè, kò sí ẹni tó gbọ́ ọ. Ní mítà mẹ́rin, erùpẹ̀ tó ń jáde di ẹrẹ̀. Ní mítà mẹ́rin ààbọ̀, irin fò síwájú lójijì bí ẹni tí wọ́n ṣílẹ̀kùn fún, lẹ́yìn náà ohun kan tì í padà wá sẹ́yìn pẹ̀lú agbára tó gbé Vukoman ṣubú.

Omi náà dúdú, ó tutù bíi yìnyín, ó sì ń rùn bí ilé tí wọn ò ṣí fún ọgọ́rùn-ún ọdún. Ó kọjá lórí wọn, ó lu ògiri kejì, ó pa iná méjì. "Èèkàn!" ni Vukoman ń ké, "Èèkàn dà!" Àwọn mẹ́ta dì í mú, àwọn méjì fi òòlù gbá a. Ó tú lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n tún tì í bọ̀ ọ́, wọ́n gbá a, wọ́n gbá a, títí tí omi náà fi di tóóró, tó sì wá di ìkán.

 Gbogbo wọn ń wo ihò tí kò ju ọwọ́ ọmọdé lọ. Ẹ̀tù ọjọ́ Ajé ì bá gba mítà méjì, ti ọjọ́ Ìṣẹ́gun méjì mìíràn, ìyókù kò ní í dúró de ẹ̀tù. Vukoman jókòó sínú omi, ó na ọwọ́ sókè láì wẹ̀yìn, ó sì di etí ẹ̀wù ìyá rẹ̀ mú gẹ́gẹ́ bó ti ń ṣe nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́ta.

"Ẹ̀yin mẹ́sàn-án lẹ wà níbí?" ni Dobrila wí.

"Àwa mẹ́sàn-án ni, Màmá."

"Tún un kà."

Ó tún un kà.

Bí wọ́n ṣe jáde, kò lọ sílé. Ó lọ tààrà sí ọ́fíìsì máàpù pẹ̀lú ẹrẹ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ní kí Ẹnjiníà Stanimir tẹ́ máàpù ọdún 1956 sílẹ̀, kó sì bá òun wá yíǹkì pupa. Ó fa ìlà kọjá lórí ọ̀nà Sáàsì, ó kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé: *Kò tọ́. Dobrila ló wọ̀n ọ́n, kì í ṣe Miladin.* Stanimir ní kò pọn dandan, pé àwọn lè ya tuntun láì bá ti àtijọ́ wí. Dobrila ní ó pọn dandan. Ó fọwọ́ sí i, ó sì kọ ọjọ́ sí i.

Àwọn obìnrin ti kún ẹnu géètì. Ìròyìn omi ti dé abúlé kí wọ́n tó jáde, gbogbo ilé tó ní ọkùnrin ní ojú iṣẹ́ Karùn-ún ló sì ti sáré wá, àwọn mìíràn pẹ̀lú ìyẹ̀fun lọ́wọ́. Wọ́n dì mọ́ ọkọ wọn, wọ́n ń sọkún, wọ́n ń bú wọn. Wọ́n ń wá Dobrila láti fẹnu kò ó lẹ́nu, ó sì ń gbà fún wọn, ṣùgbọ́n Krunija ló ń wò, ẹni tí kò ní ọkùnrin kankan nínú ihò, tó sì dúró lábẹ́ igi ní òdìkejì ọ̀nà.

Dobrila kọjá lọ bá a.

"Ṣé gbogbo wọn jáde?" ni Krunija bi í.

"Gbogbo wọn."

"Vukoman ńkọ́?"

"Ó ń bọ̀ lẹ́yìn. Kò ṣe é ní nǹkan kan."

"Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run." Krunija ṣe àmì àgbélébùú, tọkàntọkàn, ó sì nu ojú rẹ̀ nù. Lẹ́yìn náà ó tún gèlè rẹ̀ so, ó wo Dobrila láti orí dé bàtà rọ́bà tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. "Ẹ kú iṣẹ́, Dobrila," ó wí. Kò pè é ní kuma. Láti ọjọ́ ìsàmì Vukoman, kò tíì sí ọjọ́ kan tí kò pè é bẹ́ẹ̀.

Ó dun Dobrila dé egungun. Ó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ti tán, pé kò sí ẹ̀bẹ̀ tó lè dá a padà, àti pé Krunija kò ṣẹ̀.

"Ẹ ṣé, Krunija," ó wí.

Krunija yíjú, ó gba ọ̀nà ìsàlẹ̀ lọ. Dobrila dúró títí ó fi yà lẹ́bàá ṣọ́ọ̀ṣì, omi ń kán látinú ẹ̀wù rẹ̀, ohùn Vukoman sì ń dún lẹ́yìn rẹ̀ láàárín àwọn èèyàn. Kò pè é padà. Bí wọ́n bá ní kó tún un ṣe lọ́la, bẹ́ẹ̀ náà ni yóò ṣe é.